Orin Tó Ní Orúkọ: Bí A Ṣe Ń Ṣàwárí Orin Orí Ẹ̀rọ, Tí A Sì Ń Gbádùn Rẹ̀ Nílé

Nígbà tí ìlú mẹ́tàlá kó ara wọn jọ di Ṣàgámù ní ọdún 1872, kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ orúkọ rẹ̀ nù. Màkún ń jẹ́ Màkún títí dòní, Ọ̀fin ń jẹ́ Ọ̀fin, ẹni tó bá sì béèrè ọ̀nà èyíkéyìí nínú wọn, a ó júwe rẹ̀ fún un. Àkójọ tó pé nìyẹn: ohun púpọ̀ wà lójú kan, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti orírun tirẹ̀. Ẹni tí a kọ orí yìí fún ń gbé ní Likosi tàbí àyíká rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù Ogijo àti Likosi lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù. Ó ní fóònù kan lọ́wọ́, ó fẹ́ràn orin, ó sì fẹ́ kí orin di fàájì gidi nínú ilé òun, kó má kàn jẹ́ ariwo tó ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún un: kó ṣe àkójọ orin rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe Ṣàgámù. Igba orin tí a mọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ fún, ó dùn ju ẹgbàárùn-ún orin tí kò lórúkọ lọ.

Iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe nínú orin

Ẹnìkan lè ní èyí á sọ fàájì di iṣẹ́ ilé-ìwé, pé orin la fẹ́ gbọ́, a kò fẹ́ ṣe ìdánwò. Èsì rẹ̀ ni pé inú orin Yorùbá gan-an ni orúkọ ń gbé. Olórin àpàlà, sákárà tàbí wákà kì í kọrin sí afẹ́fẹ́. Èèyàn ló ń kì, ìlú ló ń dárúkọ, ẹgbẹ́ ló ń ṣàpọ́nlé. Àwo tí Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, gbé jáde lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Decca ní 1971, Oroki Social Club, orúkọ ẹgbẹ́ ló ń jẹ́, Òròkí sì jẹ́ oríkì Òṣogbo. Ẹni tí orin yìí wà nínú fóònù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ “Track 03” á gbọ́ ìlù, á gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ohùn náà gbéra sókè kò ní yé e. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀ ti fi ìdajì orin sílẹ̀.

Ọdún náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1948, Haruna Ìṣọ̀lá ṣe àwo kan fún ilé iṣẹ́ HMV nípa Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún orin náà kọ fún Decca, èyí sì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí ti àkọ́kọ́ kò gbé e dé. Bí fáìlì kan bá wá tẹ yín lọ́wọ́ tí wọ́n kàn kọ “Haruna, Orímolúsì” sí, èwo nínú méjèèjì ni? Láàárín ọdún méje, ohùn ọ̀dọ́ ti gbó sí i, àwọn onílù ti mọ ọwọ́ ara wọn sí i, ohun tí ìlú fi etí sí nínú orin náà sì ti yàtọ̀. Ẹni tó bá ní méjèèjì pẹ̀lú ọdún wọn lè gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó sì gbọ́ bí olórin ṣe ń dàgbà. Fáìlì tí kò ní ọdún kò lè fún un ní fàájì yẹn láé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tó tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sórí àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀n. Àwo ìgbà yẹn a máa fọ́ bí àwo tánganran, orin tó gbà ní ojú kan kì í sì í ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, nígbà tí British Library ṣe àfihàn ńlá kan lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 2015 wọ 2016, ohùn àlùfáà náà wà lára ohun tí wọ́n fi etí gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà náà ló ti bà jẹ́. Èyí yè nítorí pé ẹnìkan tọ́jú rẹ̀, àti nítorí pé orúkọ wà lára rẹ̀. Ká ní bébà àárín àwo náà ti bó dànù ni, ohùn bàbá àgbàlagbà kan lásán ni a ó máa gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìdí orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé Kuti.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ní gbogbo rẹ̀?

Àtakò tó lágbára jù lọ nìyí. Boomplay dé Nàìjíríà ní 2015, Spotify dé ní 2021, Audiomack, Apple Music àti YouTube náà wà níkàáwọ́ ẹni tó bá ní dátà. Orin tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè gbọ́ tán láyé rẹ̀ lọ. Kí la tún fẹ́ kó pamọ́ sí? A gbà pé àwọn áàpù wọ̀nyí wúlò, ẹni tó bá ń wá orin kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n, ilé kọ́. Orin tó wà níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la bí àdéhùn láàárín áàpù àti ẹni tó ni orin bá parí. Orin àtijọ́ tiwa sì ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí bákan ṣáá: ọdún tí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ dípò ọdún tó jáde, tàbí kí wọ́n pe odindi ojú àwo kan ní “Side A” láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sọ́jà láti ṣàwárí, kí ẹ wá sílé láti tọ́jú.

Ìṣirò owó dátà náà gbè wá lẹ́yìn. Orin tí a bá ń gbọ́ lórí Spotify ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní “normal” máa ń lo kilobit 96 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi MB 43 ní wákàtí kan. Ní 160 ó di MB 72, ní 320 tó ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ó di MB 144. Ojú kan àwo àpàlà tó gùn tó ìṣẹ́jú 17 á jẹ nǹkan bíi MB 41 ní 320. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ gbọ́ ọ nígbà ogún láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ dátà tó lé ní MB 800. Bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, MB 41 yẹn náà ni, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí tó bá wù yín, kódà ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Ẹni tó bá sì ń fi fídíò YouTube gbọ́ orin láìwo àwòrán rẹ̀ ń na owó púpọ̀ fún ohun tí ojú rẹ̀ kò rí: fídíò tó mọ́ dáadáa lè jẹ dátà tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ti orin lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù tí a dárúkọ ló ní ibi tí a ti ń yan ìwọ̀n ohùn; ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ kí ẹ tó gbọ́ orin kankan.

Fáìlì àti ohun tó ń gbé pamọ́

Ohun tí a ń pè ní orin dígítà, nọ́ńbà ni. Ẹ̀rọ á wọn ohùn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Sídìì, tí Sony àti Philips mú jáde ní 1982, ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orin tí a kó bẹ́ẹ̀ láìfún un pọ̀ (fáìlì WAV) máa ń gba nǹkan bíi MB 10 fún ìṣẹ́jú kan. FLAC, irú fáìlì kan tí ó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2001, máa ń fún un pọ̀ sí nǹkan bí ìdajì láìju ẹyọ nọ́ńbà kan nù. MP3, tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣe, máa ń ju ohun tó rò pé etí kò ní ṣàkíyèsí dànù: ní 320 ó ń gba nǹkan bíi MB 2.4 fún ìṣẹ́jú kan, ní 128 ó ń gba nǹkan bíi MB kan. Mẹ́mórì GB 32 lè gba orin tó ju igba wákàtí lọ ní MP3 320. Ẹ máa tọ́jú FLAC tàbí WAV fún ohun tí kò sí níbòmíràn, bíi kásẹ́ẹ̀tì ilé yín. MP3 320 sì tó fún ìyókù.

Àwọn kan á ní kò sí ìdí láti máa ṣàṣàyàn fáìlì fún orin àtijọ́ tó ti ń họ̀ pàràpàrà láti orí àwo. Ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ òtítọ́. Ohun tí MP3 kékeré kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́ ni ohùn òkè: agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì tó dára, ẹ ó gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń kọ lu ara igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ ṣe ń gbé e sókè tó sì ń gbá a nísàlẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ nínú fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ sí 64, ó ti di bí ẹni ń da omi sórí páànù. Nígbà tí híhọ̀ àwo bá tún pàdé ìbàjẹ́ yẹn, etí kò ní mọ èyí tó jẹ́ orin mọ́. Orin tó ti gbó ló nílò fáìlì tó dára jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí fáìlì 64 padà sí 320, wàhálà asán ni. Ohun tí wọ́n ti jù dànù kì í padà wá.

Ohun èlò tó tó ilé lásán

Èrò tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni pé àyàfi olówó ló lè gbọ́ orin dáadáa. A kò sọ pé ẹ̀rọ olówó ńlá kò dára. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí àdánù ti pọ̀ jù kò gba owó púpọ̀ láti tún ṣe, agídìgbo sì ni yóò jẹ́rìí sí i. Àpótí igi ni agídìgbo, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a tò sí ojú rẹ̀. Onílù a máa fi àtàǹpàkò ta irin náà, a sì máa fi ìka yòókù gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí. Òun ló ń rìn nísàlẹ̀ nínú àpàlà, tí ìlù àdàmọ̀ àti gángan fi ń rí ilẹ̀ tẹ̀. Sípíkà inú fóònù kéré débi pé ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú rẹ̀ rárá. Ẹ gbé orin Haruna Ìṣọ̀lá kan sí i lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ àti gángan ni ẹ ó gbọ́. Ẹ wá fi íàpíìsì sí etí, agídìgbo á jí dìde lábẹ́ wọn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn tó ń ki fóònù bọ inú kọ́ọ̀bù òfìfo ń mú kí ariwo pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orin kò ní tipa bẹ́ẹ̀ jáde.

Nítorí náà, íàpíìsì tó bo etí dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà sípíkà kan tó ní bátìrì tirẹ̀, nítorí iná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dán an wò. Orin tí ọlọ́jà bá gbé sí i fúnra rẹ̀, èyí tó yẹ ẹ̀rọ náà ni yóò yàn. Ẹ gbọ́ bóyá ohùn mẹ́ta èdè Yorùbá tí gángan ń sọ yàtọ̀ síra wọn ketekete, bóyá agídìgbo kò sọnù, bóyá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò gún yín létí. Nílé, ẹ gbé sípíkà sórí tábìlì tó ga tó etí ẹni tó jókòó, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Bí ẹ bá tì í sí igun yàrá, ìsàlẹ̀ orin á wú ju bó ṣe yẹ lọ. Yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣófo máa ń dá ohùn padà. Kọ́tìnnì tó nípọn tàbí aṣọ òkè tí a kọ́ sára ògiri á mú un rọlẹ̀. Ẹ ṣọ́ etí náà: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohùn tó ju decibel 80 lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ yí i sílẹ̀. Ẹni tó ń fi ohùn sípíkà bá jẹnẹrétọ̀ jà, etí rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè náà.

Bí a ṣe ń ṣàwárí orin

Áàpù máa ń dábàá orin fún wa nípa ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ibi tí èrò pọ̀ sí ló máa ń darí ẹni lọ. Ọ̀nà tó sàn jù ni kí ẹ gba ojú ọ̀nà ìbátan: ẹni tó kọ́ ẹni, ẹni tó bá ẹni díje, ohun èlò tó ń ti inú ìlù kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú Haruna Ìṣọ̀lá, kí ẹ lọ sí Abẹ́òkúta bá Àyìnlá Ọmọwúrà tó kú ní 1980, kí ẹ gbọ́ bí àpàlà tirẹ̀ ṣe yára tó sì le ju ti Haruna lọ. Ẹ yà sọ́dọ̀ Yusuf Ọlátúnjí, kí ẹ gbọ́ bí gòjé olókùn kan ṣe ń bá ohùn rìn nínú sákárà. Ẹ tọ wákà lọ lọ́dọ̀ Bàtílì Àlàkẹ́, lẹ́yìn náà Sàláwà Àbẹ̀ní, tó gbé àwo rẹ̀ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed jáde ní 1976 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Láti inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú Ramadan ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde, fújì yẹn ló sì tún dé Rẹ́mọ lọ́dọ̀ Adéwálé Àyúbà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ẹni tó bá rin ọ̀nà yìí fún oṣù mẹ́ta, tó ń gbọ́ àwo méjì péré lọ́sẹ̀, á mọ̀ nípa orin ilẹ̀ rẹ̀ ju ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kiri fún ọdún mẹ́ta lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń kún.

Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé orin àtijọ́ nìwọ̀nyí, orin òde òní kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ọ̀nà kan náà ló wà fún un. Orin tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ní ẹni tó ṣe ìlù rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde. Ẹni tó bá tẹ̀ lé orúkọ aṣèlù kan láti orin dé orin á rí àwọn olórin tí áàpù kò ní fi hàn án. Àpàlà pàápàá kò tíì di òkú: Musiliu, ọmọ Haruna Ìṣọ̀lá, tún gbé e dìde fún ìran tirẹ̀. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Soul Jazz Records ní Lọ́ńdọ̀n kó àwọn orin àpàlà tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín 1967 sí 1970 jọ, ó sì tún wọn gbé jáde. Bí ará Lọ́ńdọ̀n bá lè ná owó àti àkókò sórí orin tó ti ìtòsí wa jáde, kò yẹ kí àwa tí èdè rẹ̀ yé fi í sílẹ̀ láìlórúkọ.

Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ náà ṣe kókó. Nígbà tí àwo tó gùn dé, àwọn olórin wa kò gé orin sí wẹ́wẹ́. Wọn a máa so orin kan mọ́ òmíràn títí ojú àwo á fi parí. Nítorí náà, ẹ pa bọ́tìnnì tó ń da orin pọ̀ mọ́ra, kí ẹ sì gbọ́ ojú àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ lé ohùn. Ní ìgbà kejì, ẹ yan ohun èlò kan ṣoṣo, kí ẹ má fi í sílẹ̀ títí yóò fi parí. Ní ìgbà kẹta, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ èèyàn, ìlú àti ẹgbẹ́ tí ẹ bá gbọ́. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá àwọn bàbá àti ìyá tó wà nítòsí yín ní Likosi, ní Ogijo, ní Ṣàgámù. Ẹ kí wọn bó ṣe tọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin náà, kí ẹ tó béèrè. Kò sí áàpù tó lè sọ irú ẹni tí wọ́n ń kì nínú orin náà fún yín bí àgbà tó wà láyé nígbà náà.

Títo àkójọ àti gbígba kásẹ́ẹ̀tì là

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fáìlì náà, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fún olórin kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, kí àwo kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún níwájú: “1971 Oroki Social Club”. Nínú fáìlì fúnra rẹ̀, ibì kan wà tí a ń kọ orúkọ olórin, àwo, ọdún àti irú orin sí. VLC, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ á sì máa bá fáìlì náà lọ síbi gbogbo tó bá lọ. Bí ọdún kò bá dá yín lójú, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọdún tí a méfò burú ju àìsí ọdún lọ, nítorí ẹlòmíràn á gbà á gbọ́. Fláàṣì àti mẹ́mórì máa ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ ní ẹ̀dà méjì nílé, kí ẹ̀kẹta wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní ìlú mìíràn.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn ni ìṣúra tó sún mọ́ yín jù, pàápàá èyí tí wọ́n fi gba orin níbi ìnáwó, nítorí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ wò ó kí ẹ tó ki í bọ ẹ̀rọ. Bí èbu funfun bá wà lára okùn rẹ̀, ẹ má gbé e sí i, á kó bá ẹ̀rọ àti àwọn yòókù. Ẹ fi òwú àti spírítì nu orí irin tí okùn ń fara kàn nínú rédíò, kí ẹ dúró kó gbẹ. Ẹ fi wáyà so ihò íàpíìsì rédíò mọ́ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba ohùn wọlé, kí ẹ fi Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbà á sílẹ̀ ní 44,100. Kí ohùn tó ga jù má kan òkè pátápátá. Kó dúró ní nǹkan bí decibel −6, nítorí ohùn tó bá ti ya kò ṣeé rán. Kásẹ́ẹ̀tì C60 á gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì lè yára ju bó ṣe ń yí lọ. Ẹ má gbé fóònù sí iwájú sípíkà láti gbà á. Àkùkọ àdúgbò á di ọ̀kan lára ẹgbẹ́ onílù. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tó wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fáìlì, títí kan orúkọ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin

Àwọn kan ń sanwó fún ẹni tó ń fi orin kún mẹ́mórì lẹ́bàá ọjà, wọ́n á sì ní àwọn ti ra orin. Orin ni wọ́n rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n olórin kò gba kọ́bọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ọdún 50 lẹ́yìn tó bá jáde; ọ̀rọ̀ àti ohùn orin fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ti olórin àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Haruna Ìṣọ̀lá kú ní 1983. Nítorí náà, títí wọ 2053, orin tó kọ jẹ́ ohun ìní àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé olórin náà ti kú, kò sí ẹni tí à ń rẹ́ jẹ, kó ronú sí ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ orin lórí áàpù tó ń sanwó fún olórin, ẹ ra sídìì níbi tí ẹ bá ti rí ojúlówó, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí ẹ ṣe láti inú kásẹ́ẹ̀tì yín mọ sí ilé. Orúkọ tí a kọ sára fáìlì náà tún ṣiṣẹ́ níhìn-ín: orin tí a kò mọ olówó rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè san ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ibi tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ní alẹ́ òní, ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ wá orin kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ràn tí kò lórúkọ. Ẹ fi íàpíìsì gbọ́ ọ tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ kọ orúkọ olórin náà sí i. Lọ́la, ẹ tún mú òmíràn. Àwọn tó lè dárúkọ ẹni tí wọ́n ń kì nínú orin wọ̀nyí ti ń dín kù. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.